Ọjà Àgbẹ̀ Nígbà Yìnyín: Ẹ Béèrè Bí Wọ́n Ṣe Pa Á Mọ́

Láti oṣù kejìlá títí di oṣù kẹta, nígbà tí òtútù bá mú ní New York débi pé ìka ọwọ́ kì í fẹ́ ká mọ́, àwọn àgbẹ̀ ṣì ń pàtẹ ní gbangba ìta ní Union Square, láàárín Manhattan. Ọjọ́ Ajé, Ọjọ́rú, ọjọ́ Ẹtì àti ọjọ́ Sátidé ni wọ́n ń ná ọjà náà, yípo ọdún. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ń gbé ìlú yìí mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n kété tí yìnyín bá ti bọ́ ni ẹsẹ̀ wọn máa ń dá níbẹ̀. Wọ́n á ní kí lẹnì kan fẹ́ rà lọ́wọ́ àgbẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ bá ti dì, àfi ápù àti ànàmọ́? Mo ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n padà wá. Mo ti rí i pé oúnjẹ tó dára jù nínú ọdún, àwọn kan nínú rẹ̀ kì í dé ọjà yẹn àfi nínú òtútù.

Ẹni tó bá fẹ́ jèrè ọjà ìgbà òtútù gbọ́dọ̀ mọ irú ọjà tó jẹ́. Kì í ṣe ọjà ìkórè, ọjà ìpamọ́ ni. Yàtọ̀ sí ewé díẹ̀ tí màá sọ̀rọ̀ rẹ̀ níwájú, ohun tó wà lórí àtẹ ni wọ́n ti kó wálé kí ilẹ̀ tó dì. Ìbéèrè tí à ń bi alátẹ nílé, pé "Ṣé tòní ni?", kò ràn wá lọ́wọ́ níbẹ̀. Èyí tó ń ràn wá lọ́wọ́ ni pé, "Báwo lẹ ṣe pa á mọ́?" Àgbẹ̀ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ á dá yín lóhùn láìwo ibòmíì. Ẹni tó bá ń ká ọ̀rọ̀ mọ́nu, ẹ kọjá sí tábìlì tó kàn.

Ìdí tí ìbéèrè náà fi ní ìdáhùn ni òfin tó gbé ọjà yìí ró. Ní ọdún 1976 ni Barry Benepe, ayàwòrán ilé tó tún jẹ́ olùṣètò ìlú, àti Bob Lewis dá ètò tí wọ́n ń pè ní Greenmarket sílẹ̀. Lórí ilẹ̀ kan ní igun òpópónà 59 àti Second Avenue ni wọ́n ti kọ́kọ́ pàtẹ ní oṣù keje ọdún náà, kí wọ́n tó dé Union Square, tó jẹ́ ibi tí ẹ̀rù ń ba èèyàn láti gbà kọjá láyé ìgbà náà. Ohun tó ń dun Benepe ni pé àwọn oko tó yí New York ká ń di ilé àti ọjà ńlá, nígbà tí ẹ̀fọ́ tí àwọn ará ìlú ń jẹ kò sì ní adùn. Àjọ GrowNYC ló ń bójú tó ètò náà báyìí, òfin rẹ̀ kò sì yí padà: ohun tí o kò bá gbìn, o ò gbọdọ̀ tà á. Kò sí alárọ́bọ̀ níbẹ̀. Oko náà kò sì gbọdọ̀ jìnnà ju 120 máìlì lọ sí gúúsù ìlú, 170 máìlì sí ìlà-oòrùn tàbí ìwọ̀-oòrùn, àti 250 máìlì sí àríwá.

Nítorí náà, ẹ má wá ọsàn níbẹ̀. Ẹ má wá ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ má sì wá ata rodo tútù ní oṣù kìn-ín-ní. Àìsí wọn gan-an ni ẹ̀rí pé òfin náà ń ṣiṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ ìpamọ́ yìí jinlẹ̀ ju bí èèyàn ṣe rò lọ. Ẹ mú àlùbọ́sà. Ní Orange County, ní àríwá ìwọ̀-oòrùn ìlú náà, ilẹ̀ kan wà ní agbègbè Pine Island tó dúdú bí èédú. Ìsàlẹ̀ adágún àtijọ́ kan tí omi yìnyín fi sílẹ̀ ni, ewé àti gbòǹgbò tó jẹrà sínú omi fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ló di iyẹ̀pẹ̀ yẹn. Àlùbọ́sà tó ti ibẹ̀ wá ń ta èèyàn lójú dáadáa. Ìparí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn ni wọ́n ń wú u, wọ́n á jẹ́ kí ọrùn rẹ̀ gbẹ pátápátá kí wọ́n tó kó o sínú yàrá tó tutù tó sì gbẹ. Bí ẹ bá dé ìdí àtẹ, ọrùn yẹn ni kí ẹ fọwọ́ tẹ̀. Bó bá rọ̀, kò gbẹ tó kí wọ́n tó kó o pamọ́, inú rẹ̀ á ti máa jẹrà.

Kárọ́ọ̀tì ò rí bẹ́ẹ̀. Òun náà fẹ́ òtútù tó sún mọ́ 0°C, ṣùgbọ́n ó fẹ́ ọ̀rinrin púpọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á rọ. Kábéèjì àti bíìtì wà lẹ́yìn rẹ̀. Elégédé ní tirẹ̀ kò fẹ́ òtútù bẹ́ẹ̀ rárá, 10°C sí 13°C ló dára fún un, níbi tó gbẹ. Kúkúndùnkún ló wá ní wàhálà jù: lẹ́yìn tí wọ́n bá wú u, wọ́n á fi sínú yàrá tó móoru tó 29°C, tí ọ̀rinrin kún, fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, kí ojú ibi tí ọkọ́ ti gé e lè jinná. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gbé e lọ síbi tí kò gbọdọ̀ tutù ju 13°C lọ. Ẹ rí i pé àgbẹ̀ kan tó ń ta àlùbọ́sà, kárọ́ọ̀tì, elégédé àti kúkúndùnkún pọ̀, yàrá mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ooru wọn yàtọ̀ síra ló ń bójú tó látìgbà ìkórè. Owó iná wà nínú rẹ̀, àìsùn wà nínú rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá rí iye tí wọ́n kọ sára pátákó, ẹ rántí èyí.

Kò yẹ kí ọmọ Yorùbá ṣàjèjì sí ọgbọ́n yìí. Àwọn baba wa tó ń so iṣu mọ́ òpó nínú àká, tí wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣíji bò ó, tí wọ́n sì fi àyè sílẹ̀ kí atẹ́gùn máa gbà á kọjá, mọ̀ pé iṣu tí ọkọ́ bá ṣá kì í bá àwọn yòókù gbé pẹ́. Èyí tó bá lọ́gbẹ́ ni wọ́n ń kọ́kọ́ jẹ. Àwọn ìyá wa sì mọ̀ pé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí ọyẹ́ ń fẹ́, ni a ń sá èlùbọ́, torí bí òjò bá fi lè ká a mọ́ ìta, ó di dúdú, ó sì ń bu. Ọgbọ́n kan náà ni, ojú ọjọ́ ló yàtọ̀.

Mo pàdé màmá kan tó wé gèlè lé orí fìlà òtútù níbẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé kan. Ó dúró ti àtẹ elégédé, irú èyí tí wọ́n ń pè ní butternut, tó gùn lọ́rùn tó sì tóbi nídìí.

"Ẹ kú ọjà, Mà. Ẹ kú òtútù yìí o."

"Òo, ìwọ náà kú u, ọmọ mi. Ṣé elégédé lo wá rà? Má tíì mú nǹkan kan. Wò mí."

Ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó fi èékánná àtàǹpàkò tẹ èèpo ọ̀kan. Èékánná wọlé, ó gbé e padà. Ó tẹ òmíràn, kò wọlé. "Èyí ti gbó kí wọ́n tó ká a. Tí èékánná bá wọ̀ ọ́, kò gbó, kò sì lè pẹ́." Ó yí orí elégédé náà sókè láti fi igi kékeré tó so ó mọ́ ìtàkùn hàn mí, ó gbẹ, ó sì le kankan. "Èyí tí igi orí ẹ̀ bá ti já kúrò, má rà á. Ojú ihò yẹn ni ìdíbàjẹ́ ń gbà wọlé." Níkẹyìn ó gbé méjì tó tóbi bákan náà sí ọwọ́ méjèèjì, ó wọ̀n wọ́n wò, ó sì mú èyí tó wúwo. Ó ní èyí tó fúyẹ́ ti ń gbẹ nínú. Mo bi í bóyá àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ló kọ́ ọ. Ó wò mí tìyanu-tìyanu. "Àwọn wo? Ìyá mi ta elégédé títí ó fi dàgbà."

Gbogbo ohun tó ṣe ni àwọn onímọ̀ ìpamọ́ irè oko máa ń wí. Ohun kan ṣoṣo tí mo lè fi kún un ni àkókò. Kì í ṣe gbogbo elégédé ló ń pẹ́. Èyí tó ń jẹ́ delicata, tó ní ìlà aláwọ̀ ewéko lára, àti acorn, ẹ jẹ wọ́n kí ọdún tuntun tó wọlé tàbí kété lẹ́yìn rẹ̀, torí bó bá fi di oṣù kejì, adùn wọn á ti lọ. Butternut ní tirẹ̀ ń dùn sí i fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan lẹ́yìn ìkórè, sítáàṣì inú rẹ̀ ń di ṣúgà, ó sì lè bá wa dé oṣù kẹta. Kabocha, tí èèpo rẹ̀ ní àwọ̀ ewéko tí inú rẹ̀ sì gbẹ bí iṣu, ni mo fẹ́ràn jù. Mo máa ń gé e mọ́ iṣu nínú àsáró, kì í yọ́ dànù bíi ti àwọn yòókù.

Ápù fẹ́ ìtàn tirẹ̀. Nígbà tí Yorùbá bá ń gbọ́ pé ápù tí wọ́n ká ní oṣù kẹwàá ni wọ́n ń tà ní oṣù kẹta, a máa ń rò pé oògùn ni wọ́n fi sí i. Ìmí rẹ̀ ni wọ́n dín kù. Èso tí a ká ṣì ń mí: ó ń fa ọ́síjìn sínú, ó ń jó ṣúgà ara rẹ̀, ó sì ń tú afẹ́fẹ́ kan jáde tí wọ́n ń pè ní ethylene, tó máa ń mú èso pọ́n. Ní Cambridge, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Franklin Kidd àti Cyril West ṣàwárí ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn pé bí a bá dín ọ́síjìn inú yàrá kù, tí a sì jẹ́ kó tutù, èso á máa mí díẹ̀díẹ̀, á sì pẹ́ gan-an. Robert Smock ti Yunifásítì Cornell, ní ìpínlẹ̀ New York, lọ kọ́ ọ lọ́dọ̀ wọn, ó sì mú un wálé fún àwọn olóko ápù. Nínú afẹ́fẹ́ tí à ń mí, ọ́síjìn jẹ́ nǹkan bí ìdá 21 nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú yàrá wọ̀nyẹn, ó lè dín sí 2 tàbí 3. Kò sí oògùn kankan nínú èyí.

Ṣùgbọ́n kí yàrá tó lè ran ápù lọ́wọ́, ápù fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ irú tó ń pẹ́. McIntosh dùn ní oṣù kẹsàn-án, bó bá di oṣù kejì ó máa ń rọ̀ bí ìyẹ̀fun lẹ́nu. Ẹ fi í sílẹ̀ nígbà náà. Ẹ béèrè Northern Spy, Golden Russet tí ara rẹ̀ rí bí ìpata, tàbí Newtown Pippin, tí wọ́n kọ́kọ́ rí ní Newtown, agbègbè kan tó wà nínú Queens òde òní, kí ìjọba òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì tó kúrò ní Amẹ́ríkà. Pippin yìí kì í dùn tán lọ́jọ́ tí wọ́n ká a, ọ̀rọ̀ ìpamọ́ ló ń mú adùn rẹ̀ jáde. Ẹ má jẹ́ kí awọ Russet tó ti hunjọ díẹ̀ lé yín sá, inú rẹ̀ ń dùn síbẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ sè é ni, ẹ béèrè àwọn tó ní àpá lára, tí wọ́n máa ń tà ní owó pọ́ọ́kú.

Ó ku àwọn ewé tí mo ní mo máa sọ̀rọ̀ rẹ̀. Nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀ sí kale, collard, spinach àti gbòǹgbò parsnip nínú òtútù tí kì í ṣẹlẹ̀ sí wọn nígbà ooru. Omi tó ní ṣúgà nínú kì í tètè dì. Nígbà tí ìrì dídì bá bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́, irúgbìn wọ̀nyí á sọ sítáàṣì wọn di ṣúgà láti fi dáàbò bo ara wọn. Àwa tó ń jẹ wọ́n la ń jèrè rẹ̀. Collard oṣù kẹjọ máa ń korò, tí oṣù kejìlá ń dùn. Àwọn aláwọ̀ dúdú ní gúúsù Amẹ́ríkà ti mọ èyí láti ìgbà oko ẹrú, wọ́n kì í fẹ́ ká a kí òtútù tó bà á. Ẹ̀fọ́ rírò tí wọ́n fi collard yìí sè kò jọ ti ṣọkọ, n kò sì ní purọ́ pé ó jọ ọ́, ṣùgbọ́n ó dúró dáadáa nínú ata àti epo. Ẹ yọ igi àárín ewé, ẹ ká ewé pọ̀, ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ bọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná, ẹ fún un, kó tó wọ inú ìkòkò. Irú, panla, edé, ohun tó bá wà nílé, ẹ dà á sí i.

Bí wọ́n ṣe ń rí ewé tútù kó jáde nígbà tí yìnyín bo ilẹ̀, iṣẹ́ ọpọlọ ni. Eliot Coleman, àgbẹ̀ kan ní ìpínlẹ̀ Maine, tí òtútù tirẹ̀ le ju ti New York lọ, ló fi han ọ̀pọ̀ èèyàn pé ilé ọ̀rá tí kò ní iná kankan nínú, pẹ̀lú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a tún fi bo ẹ̀fọ́ inú rẹ̀, tó láti mú un la òtútù já. Ìṣirò rẹ̀ ni pé ìbòrí kọ̀ọ̀kan dà bí ìgbà tí a gbé ọgbà náà lọ sí gúúsù ní 500 máìlì. Ìwé rẹ̀ lórí ìkórè ìgbà òtútù jáde ní ọdún 2009. Ohun tí ọ̀rá kò lè ṣe ni kó fa ojúmọ́ gùn. Bí ìmọ́lẹ̀ òòjọ́ bá dín sí wákàtí 10, irúgbìn fẹ́rẹ̀ẹ́ dáwọ́ dídàgbà dúró, ní New York sì rèé, láti nǹkan bí ọjọ́ kẹwàá oṣù kọkànlá títí di nǹkan bí òpin oṣù kìn-ín-ní ni ó ń rí bẹ́ẹ̀. Ní Ìbàdàn, ọjọ́ tó kúrú jù lọ́dún ṣì ju wákàtí 11 àti ààbọ̀ lọ, ìdí nìyí tí àgbẹ̀ wa fi máa ń wo òjò tí kì í wo gígùn ojúmọ́. Àgbẹ̀ ibí gbọ́dọ̀ gbin spinach rẹ̀ kó dàgbà tó kí oṣù kọkànlá tó dé, lẹ́yìn náà, ńṣe ló ń já a díẹ̀díẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn ń ná owó tó ti kó jọ. Nítorí náà ló fi máa ń tán kí aago mẹ́wàá àárọ̀ tó lù.

Èyí tún mú mi rántí ohun kan tó ń tan àwọn èèyàn jẹ. Lọ́jọ́ tí òtútù bá lé kenkà, ẹ ò ní rí ewé lórí àtẹ, torí ewé tó bá dì lórí tábìlì á yọ́ di ọbẹ̀ nínú àpò yín. Inú ọkọ̀ tàbí inú páálí tí wọ́n fi aṣọ bò ni wọ́n ń kó o sí. Ẹ béèrè. Ẹ ní, "Kí lẹ ní nínú ọkọ̀?" Ẹnì kan á lọ gbé e wá.

Lórí owó, ẹ má gbìyànjú láti ná ọjà, iye tí wọ́n kọ ni wọ́n ń gbà, ènì kò sì sí nínú àṣà wọn. Ewé lè wọ́n ju ti ilé ìtajà ńlá lọ, òótọ́ ni. Àmọ́ ẹni tó ń gba ìrànwọ́ oúnjẹ ìjọba lè fi káàdì rẹ̀ rà níbẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ọjà á bá a ṣe é ní àgọ́ wọn. Ilé iṣẹ́ ìlera ìlú New York náà ti ń pín ìwé ìrajà tí wọ́n ń pè ní Health Bucks láti ọdún 2005, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ dọ́là 2, fún èso àti ẹ̀fọ́ nìkan. Mo mọ àwọn arúgbó wa tó lẹ́tọ̀ọ́ sí i tí wọn kò gbà á rí, torí pé kò sẹ́ni tó sọ fún wọn.

Bí ẹ bá ti délé, ìpamọ́ kò tíì parí. Ẹ má kó ápù àti kárọ́ọ̀tì sínú àpò kan náà, ethylene tí ápù ń tú jáde máa ń mú kárọ́ọ̀tì korò. Ẹ gé ewé orí kárọ́ọ̀tì àti bíìtì kúrò, torí ó ń fa omi ara wọn. Ànàmọ́ òyìnbó tó bá pẹ́ nínú fìríìjì, sítáàṣì inú rẹ̀ á di ṣúgà, ara rẹ̀ á sì dúdú nínú epo kó tó jinná. Kúkúndùnkún kò gbọdọ̀ dé inú fìríìjì rárá, àárín rẹ̀ á le, kò ní rọ̀ títí á fi sú yín. Iṣu tí ẹ rà ní Bronx náà ń kọ́? Bẹ́ẹ̀ náà ni. Bí òtútù bá ti lọ sísàlẹ̀ 12°C, ara iṣu á bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ láti inú, bí ẹ bá sì gbé e jáde, á jẹrà kíá. Ìdí àga ní kọ̀rọ̀ ilé ìdáná sàn fún un ju fìríìjì lọ.

Oṣù kẹta sí oṣù kẹrin ni àtẹ máa ń gbẹ jù. Elégédé á ti tán, àlùbọ́sà á ti máa yọ ọ̀mùnú, asparagus kò sì tíì hù. Ní ilé náà, nígbà tí àká bá ṣófo tí iṣu tuntun kò tíì jáde, a mọ bó ṣe ń rí. Àgbẹ̀ tó bá ṣì ń bọ̀ láti ìdájí, tó ń wakọ̀ la yìnyín já fún àpótí ápù àti parsnip díẹ̀, ń fi ara rẹ̀ rúbọ fún àwọn oníbàárà díẹ̀ tó kù. Mo fẹ́ kí àwa náà wà lára wọn.

Ohun kan sì wà tí à ń pàdánù bí a kò bá lọ. Inú oṣù kìn-ín-ní àti oṣù kejì ni àwọn àgbẹ̀ ń ra irúgbìn tí wọ́n máa gbìn. Wọ́n ní àyè láti bá èèyàn sọ̀rọ̀ nígbà náà, wọn kò ní in ní oṣù keje. Tẹ̀tẹ̀ ń hù dáadáa níbí nígbà ooru, àwọn ará Karibíà ń rà á, wọ́n ń pè é ní callaloo. Mo sọ fún àgbẹ̀ kan láti New Jersey pé àwa náà ń jẹ ẹ́, a sì pọ̀, tó bá gbìn ín, á tà. Ó fa ìwé kékeré kan yọ lápò, ó kọ orúkọ ẹ̀fọ́ náà sílẹ̀, ó sì bi mí bóyá ńṣe ni wọ́n ń fà á tu tàbí wọ́n ń gé e. Mo ní kó máa gé e, yóò tún hù.